Ká Dúró Dè É

Hjálgrím pe àgùntàn ní ọkọ̀ ojú omi,
mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni pé àwàdà ni.
Ọjọ́ kẹta, ó ń wá ilẹ̀kùn lára ògiri
nínú ilé tí wọ́n bí i sí.

Ní Tórshavn, fíìmù fi ohun kan hàn láàárín ọpọlọ rẹ̀,
funfun bí ẹyin ẹyẹ òkun nínú pàlàpálá àpáta.
Wọ́n fún un lóògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, ó dìde jókòó: "Sunnvá, ta ló fún àgùntàn lóúnjẹ?"
Mo sunkún ayọ̀. Mi ò mọ̀ pé
ẹni tó tanná wá olè ti kìlọ̀ fún olè.

Ní Kopẹnhágẹ̀n wọ́n dá agbárí rẹ̀ lu,
abẹ́rẹ́ bu ẹran tí kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Dókítà Thyra jáde, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì:
"Òkú sẹ́ẹ̀lì ni mo rí, àti àwọn tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn òkú.
Oògùn yẹn ti yọ́ ọ. Kò lọ o, ó sá pamọ́ ni.
Ẹ jẹ́ ká dá oògùn dúró, ká dúró dè é."

Ká dúró de àìsàn!
Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ,
mo wá ń ṣọ́ ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo hun ìbọ̀sẹ̀, mo tú u, mo tún un hun.
Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín ọmọdé:
ṣíbí ló kọ́kọ́ lọ, òjò tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà èmi.

Lọ́jọ́ tí orúkọ mi bọ́, abẹ́rẹ́ tún wọlé.
Thyra pè mí sídìí awò rẹ̀ kí n fojú ara mi rí i:
sẹ́ẹ̀lì rìbìtì-rìbìtì rọ̀gbà yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká,
aró tó fi wá wọn ti mú wọn pọ́n rúsúrúsú
bí ìdákọ̀ró tó dógùn-ún.
"Línfómà ni. Inú ọpọlọ nìkan ló fi ṣelé.
Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ti lórúkọ;
ohun tó bá lórúkọ ṣe é pè lẹ́jọ́."

Mi ò dúpẹ́. Mi ò sunkún.
Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú,
mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é: Lín. Fó. Mà.
Ó pè é, ó yọ ketekete
ju Sunnvá lọ.