Lẹ́tà Mẹ́ta

Ikán ti ka ìwé yìí ṣáájú mi.
Wọ́n jẹ ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin Agboolé Alápó,
wọ́n fi owó orí sílẹ̀.

Lálaalẹ́ tí iná bá dé sí Ògbómọ̀ṣọ́,
mo ń da orúkọ wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́.
Òjéwùmí. Ìyàwó, méjì.
Akọ̀wé ò bi wọ́n léèrè orúkọ,
ṣùgbọ́n ó ka ewúrẹ́ pé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òjélàbí, lẹ́tà mẹ́ta: *oku*.
Tàdáwà ti ṣá, kò sí àmì.
Òkú ni,
àbí ó kù?
Ṣé wọ́n ti sin ín ni,
àbí òun nìkan ni kò tíì sanwó?

Obìnrin kan ń pè mí láti Tamale,
Yorùbá rẹ̀ gbó ju tèmi lọ:
“Ẹ bá mi wá bàbá bàbá mi.
Wọ́n ní igi ìyeyè wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.”

Òfin iṣẹ́ wa: ohun tí o bá rí ni kí o kọ.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, *oku*, mo kọjá.

Àmọ́ ó tún ti ń pè.
Ọwọ́ lè kọ ọ́ láìfàmì sí i;
ẹnu ò lè kà á bẹ́ẹ̀.
Mo gbé fóònù sétí,
mo ń wá ohùn.