Ṣé Omi Tutù?

Ní Klaksvík, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè tí kò tán,
a jókòó sí ilé àwọ̀n Hanus, àwa márùn-ún,
iṣẹ́ ti parí, òórùn ẹja ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wa.
Mikkjal, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́,
gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè, ó ní:
"Ẹ gbọ́ ná. Omi yìí, ṣé òun fúnra rẹ̀ tutù?"

Billa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.
"Bóo bá ti jẹun yó, ọmọ yìí, lọ sùn."
Ṣùgbọ́n Hanus ti fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀,
Hanus tí kì í fi í sílẹ̀ nítorí ìjì.

"Omi kò tutù," ni Mikkjal wí.
"Ohun tí omi bá kàn ló ń tutù.
Ìbọ̀sẹ̀ mi tutù. Ajá Billa tutù.
Iná ń jó igi; ta ló rí iná tí iná jó?"
(Mo sọ ọ́ nínú mi: ọ̀bẹ kì í kúkú gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.)

"Irọ́ ni," Billa ní. "Ẹ̀kán omi kan, bóyá.
Ṣùgbọ́n fi ẹ̀kán kejì tì í:
èkíní ti kan èkejì, èkejì ti kan èkíní,
wọ́n ti rin ara wọn gbindingbindin.
Òkun wo lo rí tó ní ẹ̀kán kan ṣoṣo?"

Wọ́n yíjú sí mi, èmi tí mo ti Ìkirè wá gé orí ẹja.
"Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ lédè tiyín?"
Ibẹ̀ ni wàhálà ti bá mi.
Mo ní: aṣọ tó já sódò, tútù ni.
Omi inú fíríìjì, tútù ni.
Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò tíì sè, tútù.
Ewé tí wọ́n já láàárọ̀ yìí, tútù.
Ìyá mi, tí kì í jágbe mọ́ ọmọ ẹlòmíràn, onítútù.

Rannvá, ọmọ-ọmọ Hanus, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
tọ́ka sí kẹ́tùlù tó ń súfèé lórí sítóòfù:
"Èyí tó ń hó yẹn ńkọ́? Nílé yín, ṣé ó tutù?"
Mo la ẹnu. Mo pa á dé.
Bó bá gbóná, kò tutù mọ́ nìyẹn.
Síbẹ̀ bó bá dà sí mi lẹ́sẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ mi á tutù, èmi á sì máa ké pé ó gbóná.

Hanus kò bá wa dá sí i. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀,
èyí tí ìyá rẹ̀ hun, tí ọ̀rá àgùntàn ṣì wà nínú òwú rẹ̀,
ó ṣílẹ̀kùn, ó nà án sínú òjò.
Omi dúró lórí rẹ̀ ní wóróworó bí ìlẹ̀kẹ̀,
kò wọlé, kò sì lọ.
"Omi ti kàn án," ó ní. "Ẹ wò ó, kò tutù.
Irú rẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ́dún tí ọkọ̀ wọn kò bọ̀."
Ó gbọn súwẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan péré.
Ó wọ̀ ọ́ padà. Gbígbẹ.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn gbè lẹ́yìn.
Rannvá bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sétí,
ó tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gba ẹ̀sùn.
"Kò mọ̀," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀."

Aago mẹ́fà lù, a jáde.
Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.
Ó rí wa.
Ká tó dé orí òkè, ṣòkòtò Mikkjal ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀,
ó ṣì ń pariwo sẹ́yìn:
"Èmi ló tutù o! Kì í ṣe òjò!"
Ẹ̀rín pa Billa débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀,
tàbí òjò ni.
N kò bèèrè.