Okùn Kẹrìndínlógún

Òjò Aberystwyth kì í rọ̀ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé,
afẹ́fẹ́ òkun ló ń tì í lẹ́yìn.
Mo bọ́ kóòtù, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
mo fi abẹ́rẹ́ tú òdòdó koríko tí kò tíì là,
mo tẹ̀ ẹ́ pẹẹrẹ láàárín gíláàsì méjì.

Gwenllian, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ní:
"Wọn kì í ṣàdédé pàdé o.
Wò ó, wọ́n korí jọ sí kọ̀rọ̀ kan,
wọ́n ń mì sọ́tùn-ún, wọ́n ń mì sósì,
oníkálukú ń wá ìkejì rẹ̀ nínú èrò."
Okùn ti ìyá, okùn ti bàbá.
Bí wọ́n bá dá ara wọn mọ̀, wọn a fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́,
wọn a já, wọn a gba ti ẹnìkejì so mọ́ tiwọn.
Ojú ìso yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣìnà
títí ọjọ́ ìpínyà.

Ìṣe wọn ò dọ́gba.
Ọkà báálì, etí okùn ló ń pààrọ̀ jù,
àárín rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ láti ayé baba ńlá.
Aràn tíńtín inú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán.
Akọ eṣinṣin èso ò tilẹ̀ pààrọ̀ rárá:
ó di ìkejì mú, kò fún un ní nǹkan kan,
síbẹ̀ wọ́n túká láìsí ìjà.
Koríko tiwa yìí, àdàlù ẹ̀yà méjì ni.
A kun ọ̀kan ní pupa, a kun èkejì ní àwọ̀ ewé,
mo rí pupa tó lọ́ mọ́ àwọ̀ ewé
bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan.

Mo ń kà wọ́n. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Méje, méje, méje.

Lẹ́tà ilé ìwòsàn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Wọ́n ní oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó wálẹ̀ yẹn,
okùn kẹrìndínlógún rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta dípò méjì.
Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.
Ẹyin náà ti wà nínú mi kí ìyá mi tó bí mi ní Ìkirè;
okùn méjì di ara wọn mú níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógójì,
nígbà tó yẹ kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn,
wọn ò jọ̀wọ́.

Gwenllian ka lẹ́tà náà tán, ó ká a padà bó ṣe bá a.
Ó pa iná yàrá kí n lè ríran dáadáa.
Mo gbé ojú lé awò.
Pupa, àwọ̀ ewé. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
tí kò rẹ́ni dì mọ́.
Mo kà á mọ́ wọn.