Lẹ́yìn Ìwé Keje

Ìparí ìwé keje ni mo pa Ọwọ́-irin,
lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n múná lọ lẹ́bàá rélùwéè ní Ọ̀fà.
Àtùpà ni mo fi kọ ọ́.
Tìámíyù gbá a mú lẹ́yìn, ó yí i lọ́rùn,
ọrùn dún bí igi gbígbẹ.
Mo fi àmì ìdánudúró sí i. Mo lọ ṣan ẹsẹ̀, mo sùn.

Kílẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọṣẹ́ Jẹ́lílì wẹ́dà ti ń du ìwé náà,
wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nínú pàǹtírí irin.
Gàní ní òun ni Tìámíyù.
Kò sẹ́ni tó gbà láti jẹ́ òkú.

Mo ti ra ìwé márùn-ún mìíràn sílẹ̀.

Àṣé ẹni burúkú yẹn ló ń gbé gbogbo ilé ró.
Nígbà tó wà láyé, gbólóhùn mi kúrú, ó le bí èkùrọ́.
Bí Tìámíyù bá jẹun, agbára ìjà ló ń wá;
bó bá sùn, kó lè tètè jí lọ kọlù ú ni;
bójò bá rọ̀, kílẹ̀ lè yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ni.
Ní ìwé kẹjọ, òjò rọ̀.
Ó kàn rọ̀ ni.
Tìámíyù jókòó sọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó.
Ojú ewé mẹ́ta gbáko ló fi jẹ ẹ̀kọ kan.
Ó rọ̀ mọ́ òpó ilé bí ẹni tó fẹ́ gbé e dà,
òpó kò dá a lóhùn.

Gàní dá ìwé padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jí i dìde.
Àbí kẹ́ ẹ bá a wá àbúrò."
Mo bá a wá àbúrò. Mo kọ àpá sí i lójú,
mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin láti Jẹ́bà,
ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bú ramúramù,
ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń bú, ohùn mi ni.
Mo fa ojú ewé mẹ́rìnlá ya. Ìyàwó mi fi wọ́n di ẹ̀pà.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò wa.
Òótọ́ ni. Ta ló wá kọ́ wa lóhun tí à ń ṣe
nígbà tí eruku bá rọlẹ̀,
tí ẹni tó dá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò kọjú sí?

Ní ìwé kẹsàn-án, Tìámíyù dìde,
ó gba ọ̀nà oko lọ sọ́dọ̀ ìyá Ọwọ́-irin.
Èmi kọ́ ni mo rán an.
N kò mọ̀ pé ó ní ìyá. Ìwé méje ni mo fi kọ èékánná rẹ̀,
òógùn rẹ̀, eyín rẹ̀ tó kán,
n kò bi í lẹ́ẹ̀kan péré pé, ta ló bí ọ?
Obìnrin náà ń kọ ebè kúkúǹdùkú.
Ó pe òkú náà ní Àyìnlá.
Ó ní Àyìnlá a máa bẹ̀rù àkùkọ.
Mo padà sí ìwé kìíní,
gbogbo ibi tí Ọwọ́-irin ti ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn
ni mo ti ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé.

Àwọn ọmọ wẹ́dà kò wá mọ́.
Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ló ń yá a báyìí.
Kì í bèèrè ẹni tó borí.
Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kúkúǹdùkú náà ta.

Ìwé kẹwàá ni mo ti dúró.
Ìyá Àyìnlá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró,
ó kẹ̀yìn sí Tìámíyù, ó ní:
"Fi bí o ṣe dì í mú hàn mí."
Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Ọwọ́ Tìámíyù ṣì wà lókè,
kò tíì kàn án lọ́rùn.
Bírò mi ń jò sí mi látẹ́lẹwọ́.