Dúró-ná

Ìbítóyè ló sọ ọ́ ní Dúró-ná
kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja.
Láti ọjọ́ náà, ajá ò dúró níbì kan.

Ó hú àlùbọ́sà mi.
Ó wọ́ ìró mi gba àárín Ògìdì kọjá, lójú gbogbo ayé.
Ó ń lé ewúrẹ́,
ó ń lé òjìji ẹyẹ lórí àpáta.
Mo so ó mọ́ ìdí igi kaṣú:
ó fi gbogbo òru bá okùn jà,
èmi náà ò sùn.

Bàbá Ọlọ́runnípa ń kọjá lọ, ọkọ́ léjìká.
“Ọ̀kun o. Ajá yìí ò ya wèrè.
Iṣẹ́ ni ò ní.”

Lọ́jọ́ kejì mo tú okùn.
A gun òkè kí ìrì tó gbẹ,
a sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀.
Mo fi orí ẹja gbígbẹ pamọ́ sínú òkìtì háhá àgbàdo,
mo ní, wá a.
Imú nílẹ̀, ìrù lókè,
kò gbọ́ ewúrẹ́, kò gbọ́ ọ̀kadà,
títí ó fi rí i,
tó rún un, tó kẹ́sẹ̀ jọ, tó sùn.

Ilé pa lọ́lọ́.
Ọwọ́ mi ò mọ ibi tí yóò wà.
Mo ro ilẹ̀ tí mo gbá lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀,
ìkòkò tí mo fọ̀ tí kò dọ̀tí,
fóònù tí mo ń gbé, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀.
Ta ni yóò fi orí ẹja tèmi pamọ́?

Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo wá bàtà mi.
Ajá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.