Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a pé mọ́kànlélógójì,
àga ilé-ìwé kò tó, àwọn ọ̀dọ́ jókòó lójú fèrèsé.
Owó ọdún yìí, ogún ọ̀kẹ́ náírà ó lé díẹ̀.
Géètì ààfin la kọ́kọ́ dárúkọ:
àwọn ará Ìlọrin ló fẹ́ ẹ,
àwọn tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Mo kọ òfin tuntun:
ewúrẹ́ tó bá wọ oko ẹgẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì.
Bàbá Òjúọlápé ní, "Ewúrẹ́ ò mọ̀wé,
ta ni yóò kà á fún un?"
A rẹ́rìn-ín. N kò kọ ẹ̀rín.

Ìyá Sàbítíyù dìde, kò sọ̀rọ̀.
Ó gbé garawa kalẹ̀ sáàárín wa,
omi odò tó fi igbá gbọ́n láàárọ̀,
ó pọ́n bí ògiri ilé baba wa.
Ó na ife sí alága.

Alága wo omi, ó wo bàtà ara rẹ̀.
Ọyẹ́ ń ṣí ìwé owó, ó ń pa á dé.
Ẹnìkan wúkọ́, ó ní, "Géètì lè dúró,
ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì ṣeé tì."

Mo kọ ọ́ pé a fẹnu kò: ẹ̀rọ omi ni a ó tún ṣe.
N kò kọ bí ìyá náà ṣe ru garawa rẹ̀ padà,
tí kò da ẹ̀kán kan nù:
a ò tíì ra páìpù,
odò sì jìn.