Ọwọ́ Òsì

Èmi ni mo di báńdéèjì mọ́ ọn lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà,
nínú kíláàsì kan ní Láfẹ́nwá,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ níta bí arúgbó nínú ọyẹ́.
Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ọmọléèwé,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Ó ní, "Dì í kó le. Má wo ojú mi."

Abẹ́ òkúta la bí wa sí, òkúta náà la sì ń fọ́ jẹ.
Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lọ́nà Ìbarà Orílé,
òòlù ta padà lára àpáta,
èjìká ọ̀tún yẹ̀.
Bàbá tó ń to eegun fà á wọlé, ó fi òrí ra á,
ó ní fún oṣù mẹ́ta, kó má gbé ohun tó wúwo ju ṣíbí lọ.
Oṣù mẹ́ta kẹ̀!
Onílé wa kì í gba èjìká dípò owó.

Ọmọ Ṣágámù ni wọ́n mú wá bá a,
apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já ìbẹ́pẹ.
Ṣógbẹ̀san lorúkọ rẹ̀. Mo fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀,
ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Ráúndì kìn-ín-ní, ọ̀tún ń ṣe bí ẹni tára rẹ̀ yá.
Ráúndì kejì, mo gbọ́ ọ.
Kò pariwo. Ó dún bí ilẹ̀kùn tó ti mu omi òjò yó
tí wọ́n wá fi tipátipá ṣí.
Apá náà wá rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn.
Ẹnìkan kígbe láàárín èrò,
"Ẹ wò ó bó ṣe ń fojú di í!"

Mo gbé korobá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
"Jẹ́ n ju táwẹ̀lì."
"Tó o bá jù ú, ìwọ ni wàá lọ bá onílé sọ̀rọ̀."
Omi ń kán nímú rẹ̀.
Mo ká táwẹ̀lì náà, mo jókòó lé e lórí.

Ó ku òsì.
Ọwọ́ tí a kì í fi gba owó, tí a kì í fi kí àgbà.
Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, òun ló fi ń mú ṣíbí,
òun ló fi ń ju òkò sí máńgòrò aládùúgbò, kì í tàsé.
Ìyá wa fi ọ̀já so ó mọ́ ọn lẹ́yìn,
ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, títí ọ̀tún fi kọ́ṣẹ́.
A rò pé ó ti gbàgbé.

Ráúndì kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún:
ó ń jẹ ìyà, ó ń gbé e mì.
Ráúndì kẹfà, Ṣógbẹ̀san ṣì ń ṣọ́ ọ̀tún.
Ta ní í ṣọ́ ìránṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá dúró níwájú?
Òsì gba ìsàlẹ̀ wọlé
bí ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.
Ọmọ Ṣágámù kò ṣubú. Ó jókòó ni,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ti rẹ òun.
Rẹfirí kà dé ẹẹ́wàá, ó na ọwọ́ sí ọ̀tún láti gbé e sókè.
Ẹ̀gbọ́n mi yí padà kíá, ó fún un ní òsì.
Gbogbo èrò hó yèè.
Èmi nìkan ni mo rí bó ṣe deyín pọ̀.

A dúró lórí afárá, odò Ògùn ń lọ nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ọlọ́kadà béèrè ibi tí à ń lọ,
ó sì na òsì sí ìhà ilé bàbá wa.
"Bọ̀ọ̀dá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni o."
Ó ní, "Òun ló kù."

Ìyá wa ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà.
Ó wo apá tó ń fì, ó wo èmi,
mo wo ilẹ̀.
"Àjàní," ó ní, ohùn rẹ̀ ò jáde tán,
ó wọ yàrá lọ, ó tú àpótí,
ó mú ọ̀já jáde.
Ọ̀tún ló so lọ́tẹ̀ yìí.